Texans àti C.J. Stroud: ibo ló yẹ kí ikọ̀ tó ń rì ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nígbà tó bá mú ọ̀dọ́ quarterback?

Ọmọ_Alief · 4 Oṣù Karùn-ún 2025

Ẹ kú àsìkò o, ẹ̀yin èèyàn wa. Draft (ìgbà tí àwọn ikọ̀ ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì) ti kọjá, ariwo ti rọlẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ Texans, ikọ̀ American football ti Houston, láìbú ara wa.

Ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. 2020: 4-12 (wọ́n borí mẹ́rin, wọ́n pàdánù 12). 2021: 4-13. 2022: 3-13 pẹ̀lú ọ̀mì kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá David Culley lo ọdún kan, wọ́n lé e. Lovie Smith náà lo ọdún kan, wọ́n lé e. Lẹ́yìn náà ni DeMeco Ryans dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ní oṣù April ọdún yẹn wọ́n mú Stroud, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), láti Ohio State ní ipò kejì. Kíá, 10-7, wọ́n gba ìpín wọn, AFC South. Ọmọ náà ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 4,108 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15, touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá) 23, márùn-ún péré ni àwọn alátakò já gbà.

2024 wá dé. 10-7 náà ni, wọ́n tún gba AFC South, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lójú mọ̀ pé nǹkan ti yí. Yáàdì 3,727, touchdown 20, wọ́n já 12 gbà, wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀ (èyí tí wọ́n ń pè ní sack) nígbà 52. Wọ́n ti lé Bobby Slowik tó ń pe eré fún ọwọ́ iwájú (àwọn tó ń kọlu), wọ́n gbé Nick Caley wá, wọ́n sì tú àwọn géńdé márùn-ún iwájú tó ń dáàbò bo quarterback ká bí ìgbà tí èèyàn tú ilé alámọ̀.

Ìbéèrè mi: kí ló gbé wọn dìde gan-an ní 2023, kí ló bàjẹ́ ní 2024, kí sì ni Titans tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú quarterback Cam Ward lè rí kọ́ nínú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wí pé "ọmọ náà gbóná". Ẹ mú nọ́ńbà wá.

Akápò_NRG · 4 Oṣù Karùn-ún

Owó ni kí ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo yín máa ń fò kọjá.

Àdéhùn ẹni tí wọ́n mú nínú draft kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń ná. Ọdún mẹ́rin ni, ipò tí wọ́n ti mú èèyàn ló ń sọ iye tó máa gbà. Ti Stroud jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 36.3 dọ́là, tí 23.4 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ìtọwọ́bọ̀wé. Owó ìtọwọ́bọ̀wé yìí ni wọ́n pín dọ́gba sórí ọdún mẹ́rin, nítorí náà lórí gbèdéke owó oṣù (iye tí ikọ̀ kan lè ná sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún), ó jẹ mílíọ̀nù 6.6 ní 2023, 8.2 ní 2024, 9.9 ní 2025, 11.5 ní 2026.

Gbèdéke gbogbo ikọ̀ ní 2024 jẹ́ mílíọ̀nù 255.4. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún dọ́là, mẹ́ta àti díẹ̀ ni quarterback wọn ń jẹ. Àwọn quarterback mìíràn ńkọ́? Joe Burrow ní Cincinnati fọwọ́ sí mílíọ̀nù 275 fún ọdún márùn-ún, ìyẹn 55 lọ́dún. Dak Prescott ní Dallas, 60 lọ́dún.

Ẹ wá wo ohun tí àlàfo yẹn rà. Danielle Hunter, tó ń lé quarterback ọ̀tá, ọdún méjì, 49. Nico Collins, receiver (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù), ọdún mẹ́ta, 72.75. Tí ẹ bá pín in sí ọdún kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì ń lọ sí bíi 48.75. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ohun tí wọn kò tíì san fún Stroud. Ẹni tó bá ń béèrè bí Texans ṣe lówó fún Hunter, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

BàbáLáìnì · 4 Oṣù Karùn-ún

Akápò, ìṣirò yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ibi tí wọn kò ná owó náà sí. Hunter dára. Collins dára. Joe Mixon, running back (ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré), náà dára, ó sáré kọjá yáàdì 1,000. Àárín àwọn géńdé iwájú ńkọ́?

Left guard jẹ́ Kenyon Green, tí wọ́n mú ní ipò 15 ní 2022, tí ejìká rẹ̀ sì ti gbà á ní gbogbo sáà 2023. Nígbà tó tún ṣèṣe ní 2024, wọ́n gbé Tytus Howard láti right tackle lọ síbẹ̀, wọ́n fi Blake Fisher, ọmọ tuntun, sí ipò Howard. Juice Scruggs àti Jarrett Patterson ń gba ipò center lọ́wọ́ ara wọn. Tí ẹ bá yí ẹnì kan padà nínú márùn-ún, ipò méjì lẹ bàjẹ́, torí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní láti tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ẹ wo ìparí rẹ̀ ní Kansas City nínú playoff (ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìyọkúrò lẹ́yìn sáà) ní January: wọ́n gbé Stroud ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, 23-14.

Houston ló sì yẹ kó mọ̀ jù. Ní 2002 tí wọ́n dá ikọ̀ yìí sílẹ̀, David Carr ni wọ́n mú ní ipò kìíní. Wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ nígbà 76 ní sáà kan ṣoṣo, títí di òní kò sí ẹlòmíì tí irú rẹ̀ tíì ṣẹlẹ̀ sí. Tony Boselli tí wọ́n ti gbójú lé láti ṣọ́ ẹ̀yìn Carr kò gbá eré kan ṣoṣo fún wọn, ejìká ló dá a dúró. Ètò tó dá lórí ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò dá, kì í ṣe ètò.

Àbúrò_Ìṣọlọ̀ · 5 Oṣù Karùn-ún

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ níbí, èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Guard, center, tackle, ta ni ń ṣe kí ni níbẹ̀? Mo sì ń rí "stunt" níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ Texans. Ẹ ṣàlàyé ẹ má bínú.

BàbáLáìnì · 5 Oṣù Karùn-ún

Kò sí ìbínú ńbẹ̀, àbúrò.

Láti òsì sí ọ̀tún: left tackle, left guard, center, right guard, right tackle. Center ló ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún quarterback, òun náà ló sábà máa ń nawọ́ sí ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ààmì kí olúkúlùkù tó mọ ẹni tirẹ̀. Àwọn guard ń dènà àwọn tó sanra láàárín. Tackle ń dènà àwọn tó yára létí. Nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni Stroud fi ń ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ sí òsì, ohun tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ kò hàn sí i. Ìdí nìyẹn tí owó left tackle fi máa ń wúwo.

Stunt wá rèé. Alátakò méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan níwájú guard, èkejì níwájú tackle. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, ẹni ti inú á já lu tackle, ó fẹ́ fi ara dí i. Ẹni ti ìta á yí gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ àárín. Tí guard bá ń tẹ̀ lé ẹni tirẹ̀ lọ síta, ó ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó yí wọlé náà yóò bá quarterback nílé.

Oògùn rẹ̀: kí guard àti tackle dúró ní ìjìnnà kan náà sí ìlà, kí ọ̀kan má jìn sẹ́yìn ju èkejì lọ, kí guard fọwọ́ ti ẹni tirẹ̀ lé tackle lọ́wọ́, kó sì yí ojú padà sínú kíákíá láti gba ẹni tó ń yí bọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò sí bí ẹni méjì tí kò tíì ṣe é pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ṣe máa ṣe é dáadáa. Lọ́dún 2024, gbogbo alátakò ló ti rí i lórí fídíò pé àárín Texans kò mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n wá ń fi ṣeré.

Ohun tó mú ti àárín burú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ ni pé tí wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, quarterback lè gbẹ́sẹ̀ síwájú, kí wọ́n sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá gba àárín, iwájú ti dí. Ó á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jù ú, bọ́ọ̀lù á fò sókè ju ẹni tó fẹ́ mú un lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Nínú 12 tí wọ́n já gbà yẹn, ẹ lọ wo iye tó jẹ́ báyìí.

Ìyá_Téèpù · 5 Oṣù Karùn-ún

Bàbá, ẹ ṣeun, àlàyé yẹn mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń dáàbò bo ọmọ náà jù, ẹ sì ń dáàbò bo ẹni tó ń pe eré jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Slowik. San Francisco ló ti wá, bíi ti Ryans, ètò ibẹ̀ ló sì gbé wá: quarterback dúró lábẹ́ center, gbogbo géńdé iwájú rìn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni fẹ́ sáré, ó ṣe bí ẹni gbé bọ́ọ̀lù fún running back, ó kẹ́yìn sí ọ̀tá, ó yí padà, ó jù ú. Stroud kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí ní Ohio State, shotgun (kí quarterback dúró jìnnà sẹ́yìn center) ni wọ́n ń lò jù níbẹ̀. Ó kọ́ ọ. Wọ́n pàdánù méjì àkọ́kọ́ ní 2023 (25-9 lọ́wọ́ Ravens, 31-20 lọ́wọ́ Colts), lẹ́yìn náà wọ́n fi 37-17 na Jaguars, 30-6 na Steelers. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò já bọ́ọ̀lù kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn géńdé iwájú ìgbà yẹn náà kò pé o! Tunsil, left tackle wọn, ṣèṣe, Howard ṣèṣe, Scruggs ṣèṣe, Green kò sí rárá. Tó bá jẹ́ pé géńdé iwájú nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀, 2023 ì bá ti bàjẹ́.

Ìyàtọ̀ 2024 ni pé wọ́n ti mọ ètò náà, Slowik kò sì yí i padà. Ikọ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti lọ síwájú yáàdì mẹ́wàá. Ìgbìyànjú kìíní, Mixon sáré wọ àárín èrò, yáàdì méjì. Ìgbìyànjú kejì, ó ku mẹ́jọ. Ìgbìyànjú kẹta, ó ku méje. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tí ẹ lè tàn pé ẹ máa sáré. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbé e ṣánlẹ̀ kò ní láti ro ẹ̀ẹ̀mejì. Ibẹ̀ gan-an ni stunt tí Bàbá sọ ti máa ń jáde. Ẹ dín ìgbìyànjú kẹta tí yáàdì tó kù pọ̀ kù, sack á dín kù láìyí géńdé kan padà.

Ó kan Stroud fúnra rẹ̀. Láti shotgun, ó dúró ní yáàdì márùn-ún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ kó gbé, kó parí ní méje tàbí mẹ́jọ. Tackle ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí méje yẹn: ó mọ ibi tó yẹ kó ti ẹni tirẹ̀ gbà kọjá. Tí ọmọ náà bá ń sún sẹ́yìn lọ sí mẹ́wàá, ọ̀nà tí tackle rò pé òun ti dí ló ti di ọ̀nà tààrà. Nígbà míì wọ́n á kọ sack sọ́rùn tackle, ẹsẹ̀ quarterback ló ṣe é.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń mú bọ́ọ̀lù náà. Collins fara pa ní itan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Bills, ó pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Stefon Diggs, receiver mìíràn, ya iṣan orúnkún ní October, sáà rẹ̀ parí. Tank Dell ṣèṣe púpọ̀ ní Kansas City ní December. Ẹni tó mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa wà ní ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀ máa ń ju bọ́ọ̀lù kí ọ̀rẹ́ náà tó yíjú. Ẹni tí kò mọ̀ á dúró wò ó. Wíwò yẹn ni sack.

BàbáLáìnì · 5 Oṣù Karùn-ún

Ìyá, mo gbà fún yín lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò gbà lórí pípe eré. Kí ló dé tí Slowik fi ń sáré ní ìgbìyànjú kìíní? Nítorí kò fọkàn tán ìdáàbòbò. Ọ̀ràn náà ń bí ara rẹ̀ ni.

Ìyá_Téèpù · 5 Oṣù Karùn-ún

Kí ló dé tí kò fi ju èyí tó kúrú ní ìgbìyànjú kìíní? Ẹsẹ̀ kan, jù ú sí ẹ̀gbẹ́, yáàdì márùn-ún. Kò sí stunt tó lè bá ìyẹn. Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ayọ̀_Charlotte · 5 Oṣù Karùn-ún

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Draft kan náà, ipò kìíní, quarterback Bryce Young. Kí Panthers tó dé ipò yẹn, wọ́n kó ipò 9 àti 61 fún Bears, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti yan èèyàn ní ìpele kìíní draft 2024 àti ìpele kejì 2025, wọ́n sì fi D.J. Moore lé e. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù lọ nínú ikọ̀ ni wọ́n fi ra ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Wọ́n gbé Young ṣánlẹ̀ nígbà 62, 2-15, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Frank Reich lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11. Ìpele kìíní 2024 tí wọ́n ti kó fún Bears wá di ipò kìíní pátápátá, òun ni Bears fi mú Caleb Williams.

Nígbà tí ojú wọn là ní 2024, guard ni wọ́n lọ rà: Robert Hunt, ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 100, Damien Lewis, ọdún mẹ́rin, 53. Síbẹ̀ wọ́n tún dá Young jókòó lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì kí wọ́n tó dá a padà, ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni tí wọ́n rò pé àwọn rà. Ọmọ kan náà ni. Ilé tó wọ̀ ló yàtọ̀.

Akápò_NRG · 6 Oṣù Karùn-ún

Ayọ̀, ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ohun tí àwọn èèyàn kì í kà mọ́ àtúnṣe Texans: kí wọ́n tó mú Stroud, wọ́n ti ní ohun ìkọ́lé nílẹ̀. March 2022, wọ́n fi Deshaun Watson, quarterback wọn tẹ́lẹ̀, ránṣẹ́ sí Cleveland, wọ́n gba ìpele kìíní mẹ́ta àti àwọn kéékèèké mìíràn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe rìn.

Ti 2022, ipò 13: wọ́n sún un sí 15, wọ́n mú Kenyon Green. Ó jóná.

Ti 2023, ipò 12: òun ni wọ́n fi lọ bá Arizona. Wọ́n kó 12, 33, ìpele kìíní tiwọn ti 2024 àti ìpele kẹta 2024 sílẹ̀, wọ́n gba 3 àti 105. Ní 3, wọ́n mú Will Anderson Jr. Stroud ní 2, Anderson ní 3, lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé Nick Caserio, ọ̀gá tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún Texans, ti sínwín, torí bí wọ́n bá tún gbá 3-13, ìpele kìíní 2024 yẹn ì bá wúwo lórí wọn. Wọ́n borí, ó di ipò 27.

Ti 2024, ipò 23: wọ́n tà á fún Vikings, wọ́n gba 42, 188 àti ìpele kejì 2025. 42 di Kamari Lassiter, cornerback (ẹni tó ń ṣọ́ receiver ọ̀tá) tó ń gbá látìbẹ̀rẹ̀. Ìpele kejì 2025 ni wọ́n fi gba Diggs lọ́wọ́ Bills.

Nínú mẹ́ta, ọ̀kan jóná, ọ̀kan di òpó ilé, ọ̀kan di ẹni méjì tí ọ̀kan nínú wọn ṣèṣe. Bí draft ṣe rí nìyẹn. Àṣìṣe Green ni wọ́n ṣì ń san títí di 2024, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ BàbáLáìnì.

Ọmọ_Alief · 6 Oṣù Karùn-ún

Ọwọ́ ẹ̀yìn (àwọn tó ń dènà ọ̀tá) ni ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Derek Stingley Jr. (ipò 3, 2022), Jalen Pitre (37, 2022), Anderson, Lassiter, Calen Bullock (78, 2024). Draft ni gbogbo wọn ti wá, owó wọn kò wúwo nígbà tí wọ́n dé. Ryans fúnra rẹ̀, linebacker (ọ̀kan nínú ọwọ́ ẹ̀yìn) Texans ni nígbà kan. Ohun tí èyí ń ṣe fún ọ̀dọ́ quarterback ni pé kò ní láti gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú playoff àkọ́kọ́, 45-14 lórí Browns, méjì nínú touchdown yẹn jẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ ẹ̀yìn já gbà tí wọ́n sì sáré lọ fi sílẹ̀. Ọdún kejì, 32-12 lórí Chargers, wọ́n já mẹ́rin gbà lọ́wọ́ Justin Herbert, ẹni tí wọ́n já mẹ́ta péré gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo sáà.

Ìyẹn náà ló sì ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. 10-7 ti 2024, ọwọ́ ẹ̀yìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àdùkẹ́_Milwaukee · 6 Oṣù Karùn-ún

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Houston, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ wa! November 5, 2023, Buccaneers. Fairbairn tó ń ta bọ́ọ̀lù fún wọn ṣèṣe. Dare Ogunbowale, running back, ọmọ Milwaukee níbí, ló bọ́ síwájú tó ta á wọlé láti yáàdì 29. Ọjọ́ yẹn náà ni Stroud ju yáàdì 470 pẹ̀lú touchdown márùn-ún, kò tíì sí ọmọ tuntun tó ju iye yẹn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan rí. 39-37, touchdown ìkẹyìn bọ́ sí Dell lọ́wọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà.

Ẹ má rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Ẹni 53 ni ikọ̀ ní, kò sẹ́ni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún atabọ́ọ̀lù kejì. Nítorí náà ikọ̀ tó bá létò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa dúró sípò yẹn kí ọjọ́ burúkú tó dé. Láìsí ojú àmì mẹ́ta ti Ogunbowale, ẹ ṣe ìṣirò 39-37 yẹn wò.

Ọmọ_Alief · 6 Oṣù Karùn-ún

Ògún bọ̀ wálé lóòótọ́ 😂 Folorunso Fatukasi náà dé sí àárín ọwọ́ ẹ̀yìn ní 2024, ẹ má fi í sílẹ̀.

BàbáLáìnì · 7 Oṣù Karùn-ún

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́dún yìí. Laremy Tunsil, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìdáàbòbò jù láàárín wọn, ti lọ sí Washington. Wọ́n gba ìpele kẹta 2025 (79), ìpele keje, àti ìpele kejì àti kẹrin 2026; wọ́n fi ìpele kẹrin 2025 lé Tunsil. Shaq Mason, wọ́n ti dá a sílẹ̀. Green ti lọ sí Eagles ní pàṣípààrọ̀ C.J. Gardner-Johnson. Àwọn tó wọlé: Cam Robinson fún left tackle, ọdún kan, mílíọ̀nù 12, Laken Tomlinson, guard, Ed Ingram láti Vikings, guard, Trent Brown, tackle tó ṣì ń tọ́jú orúnkún, Aireontae Ersery láti Minnesota ní ipò 48.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dára tó Tunsil. Ètò wọn dà bíi pé géńdé márùn-ún tó mọwọ́ ara wọn sàn ju ọ̀kan tó ta yọ láàárín mẹ́rin tó ń ṣubú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò ló máa ná wọn. Ní àgọ́ ìgbáradì, ohun mẹ́ta ni mo máa wò. Ta ni center, ṣé wọ́n sì ti yàn án kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì àkọ́kọ́ tó dé? Ṣé márùn-ún kan náà ló ń jáde pọ̀ lójoojúmọ́, àbí wọ́n ṣì ń pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta? Ersery, ṣé wọ́n fi í sí ipò kan ṣoṣo, àbí wọ́n ń gbé e láti òsì lọ sí ọ̀tún? Ọmọ tuntun tí ẹ bá ń gbé káàkiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ́ sí ibì kankan, torí òsì àti ọ̀tún kì í lo ẹsẹ̀ kan náà láti ti ara sẹ́yìn.

Akápò_NRG · 7 Oṣù Karùn-ún

Ẹ fi kún un: ní ipò 25 lọ́dún yìí, Giants fẹ́ wá mú quarterback, Jaxson Dart. Texans sún sẹ́yìn fún wọn, wọ́n gba 34, 99 àti ìpele kẹta 2026. 34 di Jayden Higgins, receiver. 79 ti Tunsil di Jaylin Noel, receiver, láti Iowa State kan náà. Ẹni tó ń wá quarterback máa ń sanwó jù, ó dáa kéèyàn jẹ́ ẹni tó ń tajà lọ́jọ́ náà.

Ìyá_Téèpù · 7 Oṣù Karùn-ún

Àwọn tó béèrè nípa Titans: wọ́n ti fi ojú ara wọn rí nǹkan kan. Kí wọ́n tó mú Ward, wọ́n ti ra Dan Moore Jr. fún left tackle (ọdún mẹ́rin, 82), wọ́n gbé J.C. Latham lọ sí ọ̀tún, wọ́n ra Kevin Zeitler fún guard. Ètò nìyẹn. Ẹni tí yóò mú bọ́ọ̀lù ni n kò rí tó.

Giants ní tiwọn ra Russell Wilson àti Jameis Winston ṣáájú, kí Dart lè jókòó wò. Jíjókòó kò burú, tí wọ́n bá fún un ní iṣẹ́. Ẹni kejì kì í sábà rí eré gbá ní ìdánrawò àárín ọ̀sẹ̀, ẹni kìíní ló ń gba gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n ya eré díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwọn géńdé kìíní, pàápàá èyí tó ní ìpè ohùn: bí yóò ṣe yí ohùn padà kí ọ̀tá má bàa mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù máa kúrò nílẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo ikọ̀ tó ní ọmọ tuntun máa ń ṣì ṣe. Ẹ̀rọ inú àṣíborí rẹ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń bá a sọ̀rọ̀ máa ń kú nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago eré, aago náà sì jẹ́ 40. Tí ẹni tó ń pe eré bá fi àáyá 15 ronú, tó fi mẹ́jọ sọ orúkọ eré tó gùn bí oríkì, kí ló kù fún ọmọ náà láti sọ fún àwọn mẹ́wàá yòókù, dé ìlà, wo ọ̀tá, yí ìdáàbòbò padà? Ẹ kúrú orúkọ eré. Ẹ pè é ní kíá. Ó lérè ju receiver tuntun kan lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ọmọ_Alief · 7 Oṣù Karùn-ún

Akápò, ìbéèrè ìkẹyìn: nígbà wo ni owó Stroud máa yí?

Akápò_NRG · 7 Oṣù Karùn-ún

Òfin kò jẹ́ kí wọ́n bá a sọ àdéhùn tuntun títí tí sáà kẹta rẹ̀ á fi parí, ìyẹn January 2026. Ìbẹ̀rẹ̀ May 2026, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n máa mú ọdún karùn-ún tó wà nínú àdéhùn ẹni ìpele kìíní; iye rẹ̀ ń ga gẹ́gẹ́ bó ṣe gbá tó àti bóyá wọ́n yàn án sí Pro Bowl (ìdíje àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù). Ìyẹn ni pé sáà tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa fi díwọ̀n rẹ̀. Stingley ti gba tirẹ̀ ní March, ọdún mẹ́ta, 90. Anderson wà nínú draft kan náà pẹ̀lú Stroud, òun náà máa béèrè lọ́jọ́ kan náà. Owó Hunter àti Collins tí mo sọ lókè, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti máa yọ ọ́.

Àbúrò_Ìṣọlọ̀ · 8 Oṣù Karùn-ún

Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Aago mélòó ni wọ́n ń gbá a lójú tiwa níbí?

Ọmọ_Alief · 8 Oṣù Karùn-ún

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀sán gangan ọjọ́ Àìkú ní Houston. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín, títí ìbẹ̀rẹ̀ November tí a máa dá aago wa padà. Lẹ́yìn ìyẹn, aago méje.